Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Pe Lákíṣímì Wá sí Ìsàlẹ̀-Àpáta

Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kó yáa tètè lọ tọ̀ ọ́, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, mi ò ní dúró de ẹnì kankan. Tèmi gan-an ti di agbè jíjò; mo ti lọ, mo ti bọ̀, kí ẹ tó dé. Ó dáa. Ẹ sún mọ́ra, ẹ kó ẹsẹ̀ jọ, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú bàbá tó bí ìyá mi rí. Ọdẹ́yalé lorúkọ rẹ̀, ọdẹ ìlú Ìsàlẹ̀-Àpáta, ọkùnrin tó máa ń fọ́nnu pé òun ti ta ẹfọ̀n nípàá pa rí. Ìyá mi àgbà ní ẹfọ̀n náà ti kú kó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa.

Láyé ìgbà náà, ire kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìsàlẹ̀-Àpáta. Ogun kò jà wọ́n, àrùn kò kọlù wọ́n, ire ṣáà lọ ni. Iṣu ń jẹrà nínú ebè. Adìyẹ ń sàba, ẹyin ń di òbu. Ẹni tó ru ọjà lọ ń rù ú bọ̀. Wọ́n ṣe èyí, wọ́n ṣe tọ̀hún, pàbó ló já sí. Níkẹyìn Baálẹ̀ Adégorúwà pe gbogbo ilé jọ. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, a kì í jókòó sábẹ́ ilé tó ń wó lọ ká máa ka igi àjà. Bí oṣù yìí bá wọ̀ tí nǹkan kò yí padà, kí kálukú di ẹrù rẹ̀, kó gba ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ lọ. Kí igbó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà."

Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ti Ọdẹ́yalé wọ egungun. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Àwọn ará ilé Àmọ̀kẹ́ kò sì fẹ́ rí Ọdẹ́yalé sójú. Wọ́n ti búra pé ọdẹ tó ń rùn bí òbúkọ tí òjò pa kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn láé. Bí ìlú bá tú, ilé bàbá rẹ̀ ni Àmọ̀kẹ́ ń lọ toyún-toyún. Ọdẹ́yalé yóò wá máa yọjú wo ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà, bí ajá tí wọ́n lé kúrò nídìí ẹran.

Àmọ̀kẹ́ ló rántí. Ó ní, "Baálé mi, ẹ rántí aláṣọ tó ti etíkun wá lọ́jọ́sí? Ó ní òun bá àwọn ará Íńdíà pàdé níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Wọ́n ní òrìṣà obìnrin kan tí ọrọ̀ àti oríire wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Lákíṣímì lorúkọ rẹ̀. Ilé tó bá wọ̀, ńṣe ni ebi ń gba ojú fèrèsé bẹ́ jáde."

"Níbo ló ń gbé?"

"Lórí òdòdó òṣíbàtà, láàárín omi funfun."

Ọdẹ́yalé dìde, ó lu àyà. "Ó parí! Omi wo ni mi ò tíì wẹ̀? Èmi Ọdẹ́yalé, tí ẹkùn ń rí tí ń ké bí ewúrẹ́!"

"Ẹkùn wo? Aláǹgbá já bọ́ sí yín lẹ́yìn lánàá, ẹ pariwo orúkọ ìyá yín."

"Aláǹgbá yẹn tóbi."

Àmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Ó se ẹ̀wà fún un, ẹ̀wà ọlọ́pọ̀ yanturu, Ọdẹ́yalé bù ú síkùn, Àmọ̀kẹ́ tún di ìyókù fún un. Ó ní, "Bí ẹ bá rí wọn, ẹ má fọ́nnu. Ẹ kí wọn dáadáa." Ọdẹ́yalé gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wọ inú igbó lọ.

Ọ̀nà tó gbà, mi ò ní fi pa yín lórí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé igbó tó kọ́kọ́ kò ó lójú ni Igbó Ẹ-kú-ìrọ́jú. Àwọn iwin ibẹ̀ gùn lọ́rùn bí ògòǹgò, ojú wọn tutù bí òròmọdìyẹ tí òjò pa, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣe: wọ́n ń bá èèyàn kẹ́dùn.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Ọdẹ́yalé!"

"Ta ló kú?"

"Ẹnì kankan kò tíì kú. Ẹ ṣáà kú ìrọ́jú. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Wọ́n yí i ká. Wọ́n ń gbọn orí, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Áà, ìlú tó fẹ́ tú! Áà, ìyàwó tó ń lọ! Áà, ọmọ tí kò ní mọ bàbá!" Ọ̀rọ̀ wọn dùn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdẹ́yalé jókòó díẹ̀. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù bo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bìkítà. Nígbà tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eegun èèyàn ló rí, tò lọ rẹrẹ, gbogbo wọn jókòó, gbogbo wọn gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde, nítorí àánú ara rẹ̀ ti wúwo jù fún un láti gbé.

Ẹ̀wà Àmọ̀kẹ́ ló gbà á. Ẹ̀wà náà ti ń bá ara rẹ̀ jìjàkadì nínú ikùn rẹ̀ láti àárọ̀. Olórí àwọn iwin ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ orí rẹ̀ ba sẹ́yìn Ọdẹ́yalé, ó fẹ́ sun ẹkún kan tó jinlẹ̀, ó fa èémí símú. Ọdẹ́yalé sì só.

Kì í ṣe ìsó kékeré. Ewé igi yí padà. Olórí iwin ń sunkún, ó ń sín, ó ń sunkún, ó ń sín. Iwin kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Èkejì gbà á. Láìpẹ́, gbogbo igbó ń fẹ̀yìn lọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rín, ẹni tó bá sì ń rẹ́rìn-ín kò lè bá ọ kẹ́dùn èké mọ́. Àánú ara rẹ̀ ṣí kúrò lára Ọdẹ́yalé, ó fa ẹsẹ̀ yọ nínú koríko, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ̀bùn ìdílé wa ni. Èmi náà ti fi irú rẹ̀ tú ìpàdé ìyàwó ilé ká rí, láìsọ̀rọ̀ kan.

Ìlú tó kàn lẹ́yìn igbó náà ni Ìlú Ọwọ́-Dídì. Gbogbo ará ìlú náà, àtọmọdé àtàgbà, ló di ìkúùkù. Wọn kì í ṣí ọwọ́ rárá. Ńṣe ni wọ́n ń dorí kodò jẹun nínú abọ́ bí ewúrẹ́. Bí ẹ̀yìn bá ń yún wọn, wọ́n á lọ fi ara gbo ògiri.

"Kí lẹ dì mọ́wọ́?" Ọdẹ́yalé bi olórí wọn.

"Aṣọ Lákíṣímì ni. Ó ń kọjá lọ níbí, gbogbo wa sì rọ́ gbá a láṣọ mú kó má baà lọ. Ó bọ́ lọ, aṣọ rẹ̀ ya mọ́ wa lọ́wọ́. A kò ní tú ọwọ́ títí yóò fi padà."

"Ṣé aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀?"

Àwọn èèyàn náà wo ara wọn. Olórí wọn ní, "A kò mọ̀. A kò tíì wò ó." Ojú rẹ̀ le. "Ìwọ náà ń wá a, àbí? Ẹ mú okùn wá! Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ fún un kí ó máa bá wa dúró."

Wọ́n ya bo Ọdẹ́yalé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú un? Ta ni yóò so okùn? Wọ́n ń fi ìkúùkù tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún bí àgbò tó ń kàn, okùn ń já bọ́ nílẹ̀. Ọdẹ́yalé gba abẹ́ apá wọn kọjá, ó ń pariwo pé, "Ẹni tó di ọwọ́ pa kò lè di nǹkan kan mú mọ́!"

Bó ṣe jáde nínú ìlú náà ló rí òwìwí kan lórí igi, ó tóbi tó ilẹ̀kùn ààfin. Ẹ mọ ojú tí a fi ń wo òwìwí nílé wa. Ọdẹ́yalé gbé ìbọn. "Ẹyẹ burúkú! Orí mi kọ̀ ọ́!"

"Gbé igi yẹn sílẹ̀," òwìwí wí. "Èmi ni ẹṣin Lákíṣímì. Èmi ló ń gùn."

"Òwìwí! Kí ire máa gun òwìwí?"

"Kí lo fẹ́ kó gùn? Ìwọ? Gbọ́ àlọ́ mi. Bí o bá gbà á, n ó gbé ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí o kò bá gbà á, ẹyinjú rẹ nìkan ni n ó gbé. Kí ni ń sá lọ bí a bá fún un pọ̀, tí ń jókòó jẹ́ẹ́ bí a bá tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀?"

Òógùn bo Ọdẹ́yalé. Ó ro ti ẹyẹ, kò bá a mu. Ó ro ti ìyàwó, ó bá a mu díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Àmọ̀kẹ́ kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ wá padà sọ́dọ̀ àwọn tó di ìkúùkù, ó rò ó bí wọ́n ṣe ń mumi ní odò. Ó ní, "Omi inú àtẹ́lẹwọ́ ni."

"O gbà á. Ẹni tí ò ń wá náà nìyẹn. Gun ẹ̀yìn mi."

Wọ́n fò títí wọ́n fi dé òkun kan tó funfun bí wàrà. Ní àárín rẹ̀, òṣíbàtà kan ṣí sílẹ̀, ó tóbi tó àgbàlá, Lákíṣímì sì jókòó lé e. Ó wọ aṣọ pupa. Ọwọ́ mẹ́rin ló ní: òdòdó wà ní méjì, wúrà ń dà nínú ọ̀kan sínú omi láìdúró, ó sì na èyí tó kù bí ẹni ń sọ pé má bẹ̀rù. Erin funfun dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n ń fi ọwọ́ ìjà wọn rọ omi tútù lé e lórí. Ọdẹ́yalé la ẹnu, ó gbàgbé láti pa á dé.

Ní etí omi, ìyá arúgbó kan jókòó lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó rù, ó gbẹ, ó gbé ìgbálẹ̀ kọ́ èjìká, kannakánná bà sí i lórí.

"Ta nìyẹn?" Ọdẹ́yalé sọ ọ́ sí òwìwí létí.

"Jẹ́ṣítà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí àwọn òrìṣà ilẹ̀ wọn po òkun wàrà, òun ló kọ́kọ́ jáde, kí Lákíṣímì tó yọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o, má ṣe..."

Àṣé Ọdẹ́yalé kò gbọ́ ju "ẹ̀gbọ́n" lọ. Ẹ̀kọ́ ilé ti gbé e. Ó yí ẹ̀yìn sí arẹwà tó tìtorí rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà! A kì í rí ẹ̀gbọ́n ká kọ́kọ́ kí àbúrò. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sílé wa, ẹ̀yin àti àbúrò yín."

Erin dẹ́kun omi. Òwìwí fi apá bo ojú.

"Èmi?" ìyá arúgbó náà ní. "Ìwọ pe èmi?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀yin ìyá."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nípàá, ó ní, "Níbo lọ̀nà?"

Lákíṣímì mí kanlẹ̀. "Ọdẹ, ẹ̀kọ́ ilé rẹ dára, òun náà ló sì fẹ́ pa ọ́. Àìríre ni ẹ̀gbọ́n mi. Ilé tó bá wọ̀, ìyà àti àríyànjiyàn ló ń bá a wọlé. Èmi àti òun kì í wọ ilé kan náà. Bí ó bá tẹ inú ilé rẹ báyìí, mo ti yí padà, kò sì sí ìpè kejì."

Ara Ọdẹ́yalé di yìnyín. "Yéè! Kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n má bọ̀ mọ́?"

"Ṣé ẹnu rẹ gbà á?"

Ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Kò gbà á. A kì í pe àgbà wá sílé ká tún lé e lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lákíṣímì ní, "Ẹ máa lọ níwájú, n ó tẹ̀lé yín. Ilé tí wọ́n bá gbá, tí wọ́n tan iná sí, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ya àtẹ́lẹsẹ̀ mi sílẹ̀ tó kọjú sínú ilé, ibẹ̀ ni mo máa ń yà sí. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ lo pè é. Ìwọ ni kó o mọ bí o ó ṣe gbà á lálejò."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìrìn Ọdẹ́yalé àti Jẹ́ṣítà, ọ̀tá mi ni kó rìn ín. Okùn ìbọn já. Ó fi ẹsẹ̀ kọ kùkùté, ó fi èkejì kọ ọmọ kùkùté. Òjò rọ̀ sórí òun nìkan, oòrùn ń ràn ní gbogbo ibi tó kù. Jẹ́ṣítà kò sì dákẹ́ ẹnu: ẹ̀yìn ń dùn ún, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rùn, ọmọ aráyé kò mọ oore. Ọdẹ́yalé ń dáhùn, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin ìyá," ó ń sunkún sínú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń bi àlejò tó dàgbà. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ máa ń jẹ?"

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró gan-an.

"Láti ọjọ́ tí mo ti jáde nínú òkun, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Ohun dídùn ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ de àbúrò mi. Èmi, ohun kíkan ni mo fẹ́, àti ohun títa. Ebi ló ń lé mi wọ inú ilé wọn, ọmọ mi. Ibi tí mo bá ti ń wá oúnjẹ kiri ni nǹkan ti ń fọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oṣù wọ̀ ni wọ́n dé Ìsàlẹ̀-Àpáta. Ẹrù ti wà ní dídì níwájú gbogbo ilé. Ọdẹ́yalé bẹ Jẹ́ṣítà pé kó sinmi díẹ̀ lábẹ́ igi ọdán, ó sáré lọ bá Àmọ̀kẹ́, ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ ká ọwọ́ lórí. "Ẹ lọ wá ire, ẹ lọ pe àìríre bọ̀! Ọkùnrin yìí, ẹ ti pa mí!" Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, "Ẹ ní àgbà ni wọ́n?"

"Àgbà ni."

"Nínú àlejò, ta la ń kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún?"

"Àgbà ni."

"Níbo la sì ń gbé e fún wọn?"

"Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi atẹ́gùn. Ta ní í sé àgbà mọ́ yàrá?"

"Ó tán. Ẹ lọ sọ fún Baálẹ̀."

Baálẹ̀ kò jiyàn. Ó ní, "A ti ṣe èyí tó ṣòro, kò gbè wá. Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tó rọrùn." Ni gbogbo ilé bá gbé ìgbálẹ̀, wọ́n ń yára kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí a kì í gbálẹ̀ lálẹ́. Wọ́n tú ẹrù láti wá fìtílà. Àwọn obìnrin bu ìyẹ̀fun àgbàdo, wọ́n fi ya ẹsẹ̀ kéékèèké láti ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n gbé ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ilé Ọdẹ́yalé ni Jẹ́ṣítà kọ́kọ́ dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọdẹ́yalé wà lẹ́yìn ìkòkò omi, ó ti di ojú rẹ̀ méjèèjì. Toyún-toyún, Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà gan-an, ó gbé àwo lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jẹun. Inú ilé móoru. Ẹ jókòó síbi atẹ́gùn níhìn-ín, a kò ní ká yín mọ́ yàrá bí òkété."

Ẹsẹ̀ náà dúró lókè. Fìtílà ń mì. Òórùn ata dé imú ìyá arúgbó. Imú rẹ̀ gbọ̀n. Ẹsẹ̀ náà padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó balẹ̀ níta.

Ó jókòó. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ, ó há ata sẹ́nu. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Ata yìí ta o!"

"Ṣé kí n dín in kù?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bù sí i!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹun láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan dé èkejì, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún un, tí wọ́n ń kí i ní àgbà, títí ó fi dé ilé tó kẹ́yìn. Ó gùfẹ̀. Kannakánná orí rẹ̀ pàápàá gùfẹ̀. Ó ní, "Mo yó. Kí ni mo tún ń wá lọ sínú ilé ẹni ẹlẹ́ni?" Àmọ̀kẹ́ sìn ín sọ́nà dé ìdí ọdán, ó ní ọ̀nà á dáa. Ẹni tí gbogbo ayé ń sá fún gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ń kọrin lọ.

Nígbà náà ni òórùn òṣíbàtà gba ìlú kan. Ọdẹ́yalé kò rí ara Lákíṣímì, ṣùgbọ́n ó rí ìyẹ̀fun ilẹ̀: ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ bá ń rìn lórí rẹ̀. Ó wọlé. Ó dúró níwájú Àmọ̀kẹ́. Ọmọ inú rẹ̀ ta ìpá kan tó fi pariwo. Ìyá tó bí mi nìyẹn.

"Ṣé ẹ ó bá wa jókòó?" Àmọ̀kẹ́ bèèrè.

"N kì í jókòó pẹ́ níbì kan," ohùn kan dáhùn, ó tutù bí omi àmù. "Ẹ máa tanná dè mí, n ó máa yà." Ó sì ti bọ́ sí ilé kejì.

Àárẹ̀ gbé Ọdẹ́yalé lọ lórí ẹní. Ariwo ló jí i lójúmọ́. Ó fò sókè, ó wá ìbọn, ó rò pé Jẹ́ṣítà ti padà dé. Ohùn Fátókun àti Ọ̀jẹ́dìran, àwọn aládùúgbò rẹ̀, ló gbọ́ lẹ́yìnkùlé.

"Ààlà mi lo kọjá yẹn, Ọ̀jẹ́dìran!"

"Ààlà bàbá ta ni? Ibí ni mo fẹ́ kọ́lé fún ọmọ mi! Kò ní tán níbí, a ó dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀!"

"Kó má tán! Èmi náà ń kọ́lé, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ mi ni n ó bá ọ ṣe é!"

Ọdẹ́yalé padà dùbúlẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó ń gbọn ẹní. Àmọ̀kẹ́ na ọwọ́ gbá a. "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí?"

"Ṣé o gbọ́ wọn? Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ fún igbó lánàá ni wọ́n ń jà sí."

Àmọ̀kẹ́ tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. Ó fi orí lé e láyà. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà dáadáa."

Ibẹ̀ ni mo gbọ́ ọ dé tí mo sì sọ ọ́ dé. Ó yá, kí ẹni tó lágbára nínú yín wá fà mí dìde. Ẹsẹ̀ mi ti kú, ìdí mi sì ti bá ẹní mulẹ̀.